₦500 lẹ́nu ọ̀nà: ilé ìwòran tí mo ti wo Madrid, tí mo tún fẹ́ lọ wo Paris

₦500 ni wọ́n gbà lọ́wọ́ mi lẹ́nu ọ̀nà lálẹ́ ọjọ́ tí Arsenal lọ bá Real Madrid nílé nínú ìdíje Champions League. ₦300 ni wọ́n máa ń gbà tẹ́lẹ̀. Mo bi ọmọ tó jókòó ti àpótí owó pé kí ló dé, ó ní, "Àǹtí, Madrid mà ni." Àfi bí ẹni pé Madrid ló máa rọ epo sínú jẹnẹrétọ̀ wọn. Mo sanwó, mo wọlé, torí mo ti mọ̀ látàárọ̀ pé mi ò ní lè wo bọ́ọ̀lù yẹn nílé.

Tẹlifíṣọ̀n wà nílé o. Ọkọ mi ni ìṣòro. Chelsea lòun. Kì í bú mi, kì í bá mi jiyàn, ó kàn máa ń fi imú rẹ́rìn-ín ni. Bí Arsenal bá ti ní àjò líle, ẹ̀rín imú yẹn á ti bẹ̀rẹ̀ látìgbà tí mo bá ń dáná alẹ́. Bẹ́ẹ̀ Chelsea gan-an ló sọ mí di Arsenal. Lóṣù kẹwàá ọdún 1999, ní Stamford Bridge tí í ṣe ilé wọn, wọ́n ti fi 2-0 ṣáájú kí Kanu tó gbá mẹ́ta sáwọ̀n láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kẹ́yìn. Ọmọdé ni mí nígbà yẹn. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé mi sọ́rùn, ó ń sáré kiri àgbàlá. Mi ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọfusáìdì, ṣùgbọ́n ó yé mi pé ọmọ wa lọ sílé onílé, ó sì dá wọn lẹ́kun ayọ̀.

Mi ò ní dárúkọ ilé ìwòran náà, nítorí ohun tí mo fẹ́ sọ nípa ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wọn. Ìbàdàn ló wà, kò jìnnà sí ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń ránṣọ. Ilé tí wọ́n ń kó kòkó sí láyé àtijọ́ ni: ògiri rẹ̀ nípọn, fèrèsé rẹ̀ kéré, páànù ló wà lórí rẹ̀, kò sí àjà. Bẹ́ńṣì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, àga oníke mélòó kan wà níwájú fáwọn àgbà. Níta, wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sára pátákó: R/MADRID – ARSENAL, AAGO 8, KÒ SÍ ÀWÌN. Tẹlifíṣọ̀n méjì ló wà, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n sì tóbi débi pé ẹni tó jókòó sẹ́yìn pátápátá á ka nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn agbábọ́ọ̀lù. Àwòrán mọ́ kedere. Ohùn ni kò dára. Tí òjò bá ti ń rọ̀ lu páànù yẹn, ẹ ò ní gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Tí bọ́ọ̀lù bá jẹ́ aago mẹ́jọ, aago mẹ́fà ààbọ̀ ni wọ́n ti ń ṣílẹ̀kùn, wákàtí kan ààbọ̀ yẹn ni mo kà sí pé owó mi bá lọ. Kò sí orin. Ọ̀gá ibẹ̀ ò gbà fún orin, ó ní ẹni tó bá fẹ́ jó kó lọ sóde ìnáwó. Ó máa ń pa ohùn àwọn tó ń tú bọ́ọ̀lù wò lórí tẹlifíṣọ̀n, àwa náà á wá tú u wò fúnra wa. Nílé, èmi nìkan ni mo máa ń dá bẹ̀rù. Níbí, a jọ ń bẹ̀rù ni, ẹ̀rù tí èèyàn pọ̀ nídìí rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ díẹ̀.

Ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù kẹrin ọdún 2025 ni mò ń wí. Ẹni tí kò mọ bọ́ọ̀lù á ní kí la tún ń bẹ̀rù. A ti na Madrid 3-0 ní London lọ́jọ́ kẹjọ oṣù náà, àkọ́kọ́ nínú méjì tí wọ́n máa ro pọ̀. Declan Rice, tí kò fi fíríkíìkì gbá bọ́ọ̀lù wọlé rí látìgbà tó ti ń fi bọ́ọ̀lù jẹun, gbá méjì wọlé lálẹ́ ọjọ́ kan, Merino fi ẹ̀kẹta lé e. Kí wọ́n sáà má gbá mẹ́ta padà fún wa. Àmọ́ ọmọ kan wà tó ń tún fóònù ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé epo, Madrid lòun, ó dìde dúró, ó ń ka ìtàn bí ẹni ń ki oríkì baba rẹ̀. Ní 1975, Derby County na Madrid 4-1, Madrid padà sílé, wọ́n fi 5-1 san án. Ní 2016, Wolfsburg na wọn 2-0, Ronaldo nìkan gbá mẹ́ta padà. Ní 2022, Manchester City ti ń dira àṣekágbá, Rodrygo gbá méjì wọlé kí èèyàn tó ṣẹ́jú pẹ́. Wọn ò tíì bí ọmọ yìí ní 1975. Bóyá ni wọ́n ti bí bàbá rẹ̀.

Àwọn tiwa ní èsì. Bàbá kan wà níbẹ̀ tí gbogbo wa ń pè ní Tíṣà, ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Ó ní, "2006. Thierry Henry. Òókan sí òdo. Pápá yẹn náà ni. Ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì wo ló na wọn níbẹ̀ ṣáájú wa?" Kò sí, lóòótọ́. Ariwo sọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí ariwo rọlẹ̀, ohùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ là ń fi bára wa sọ̀rọ̀ ní bẹ́ńṣì tiwa. Iṣan itan Gabriel, ẹni tó ń dí ẹ̀yìn wa, ti já láti ọjọ́ kìíní oṣù náà, Kiwior ló máa dúró sẹ́yìn de Mbappé àti Vinícius. Lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú, Brentford bá wa ta ọ̀mì nílé wa. Barcelona náà na Liverpool 3-0 ní 2019, ẹ rántí ohun tí ojú wọn rí nígbà tí wọ́n dé Anfield. Fọ́kànáísà kan ní, "Ìbẹ̀rù ejò ni kì í jẹ́ ká tẹ ọmọ ejò." Ẹnì kan ní tí wọ́n bá wá gbá ọ̀kan wọlé fún wa kí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó pé ńkọ́? Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. A kàn ń jẹ ẹ̀pà.

Saka ni ìrètí wa. Ó lé lóṣù mẹ́ta tó fi tọ́jú ẹsẹ̀, ọjọ́ tí Gabriel fara pa yẹn gan-an lòun padà, ó sì gbá bọ́ọ̀lù sáwọ̀n Fulham lọ́jọ́ náà. Bùkáyọ̀ Ayọ̀yínká. Àwọn òbí rẹ̀ ò fi orúkọ ṣeré, ayọ̀ lórí ayọ̀. Ìyá kan tó ń ta sobo lẹ́nu ọ̀nà, tí kò mọ ìyàtọ̀ láàárín Arsenal àti ọkọ̀ ojú irin, ń dáwọ́ àdúrà lé e lórí ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá gbé ojú rẹ̀ sí tẹlifíṣọ̀n.

Ó kù kí n sọ ti tẹlifíṣọ̀n méjì yìí, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Díìṣì orí òrùlé ló ń gbé àwòrán wá fún apá ọ̀tún. Apá òsì, fóònù ọ̀gá ni wọ́n so mọ́ ọn, íntánẹ́ẹ̀tì ló ń lò. Bọ́ọ̀lù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi ń hàn lọ́jọ́ mìíràn, Inter àti Bayern náà sì ń gbá lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó béèrè Inter, Madrid ni wọ́n gbé sí méjèèjì. Íntánẹ́ẹ̀tì ní tiẹ̀ máa ń gé àwòrán wẹ́wẹ́, á kó díẹ̀ pamọ́ ná kó tó gbé e jáde, kó má baà máa dá dúró láàárín. Nítorí náà apá òsì fi bí ìlàjì ìṣẹ́jú wà lẹ́yìn ọ̀tún. Wọ́n fi páálí gígùn kan dí àárín gbọ̀ngàn kí ẹni tó wà lósì má baà rí tọ̀tún. Páálí ò dí ariwo.

Òsì nìkan ló ṣẹ́kù nígbà tí mo dé. Inú bí mi. Mo fẹ́ padà lọ gba ₦200 tí wọ́n fi lé owó mi. Tíṣà fọwọ́ gbá bẹ́ńṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ọmọ mi, jókòó. Ibí ló dáa fún ẹ̀jẹ̀ ríru." Mo rò pé ó ń ṣàwàdà.

Ìṣẹ́jú kẹtàlá ni mo tó mọ ohun tó ń sọ. Asencio ti Madrid di Merino mú, rẹfirí lọ wo VAR, fídíò tí wọ́n fi ń tún ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò, ó fún wa ní pẹnáritì. Lórí tiwa, Saka ń gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, ó ń fi ọwọ́ yí i kó lè jókòó dáadáa. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹ̀yìn rìn ni nígbà tí ariwo bẹ́ lápá ọ̀tún, ohùn ọmọ alátùn-únfóònùṣe ló sì lékè. Ohùn Madrid ni. Tíṣà yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó fi etí agbádá nù ún, ó ní, "Kò wọlé." Nígbà yẹn, Saka ò tíì sáré. A wá jókòó, gbogbo wa lápá òsì, à ń wo ọmọ náà bó ṣe ń bọ̀ kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tó rọra ta bọ́ọ̀lù náà sókè sí àárín, tí Courtois aṣọ́lé Madrid na ọwọ́, tó sì gbá a dànù. Mo ti wo pẹnáritì tó pọ̀ láyé mi. Mi ò wo irú èyí rí, tí mo ti ṣọ̀fọ̀ tán kó tó ṣẹlẹ̀.

Látìgbà yẹn ni mo ti ń fetí wo bọ́ọ̀lù. Nígbà tí Mbappé ṣubú, tí rẹfirí fún Madrid ní pẹnáritì nítorí Rice, a kọ́kọ́ gbọ́ ayọ̀ wọn, a tó rí ìdí rẹ̀. Wọ́n dúró, àwa náà dúró, VAR ò tètè parí. Lẹ́yìn náà ni apá ọ̀tún pòṣé lẹ́ẹ̀kan náà, òṣé gígùn. Ìlàjì ìṣẹ́jú gbáko la fi mí kanlẹ̀ kí rẹfirí tiwa tó wá fagi lé e. Tíṣà wò mí. Ó ní, "Ṣé o rí i?" Téèpù tí mo fi ń wọn aṣọ ṣì wà lọ́rùn mi. Mo ti ń jẹ etí rẹ̀ láìmọ̀, nọ́ńbà 1, 2 àti 3 ti bó kúrò lára rẹ̀.

Òjò dé ní ìdajì kejì. Kò pẹ́ tí àwòrán apá ọ̀tún fi lọ, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló kù lójú rẹ̀ pé kò sí sígínà. Ni wọ́n bá ń ya wọlé sọ́dọ̀ wa. Wọ́n jókòó sílẹ̀, wọ́n jókòó sórí fèrèsé, ọmọ alátùn-únfóònùṣe yẹn jókòó sẹ́sẹ̀ mi, ó ní, "Àǹtí, ẹ má bínú." Mo ní kó rọra, kó má jókòó lé bàtà mi. Ibi tí gbogbo wa pọ̀ sí nìyẹn, Madrid àti Arsenal, níwájú fóònù ẹnì kan ṣoṣo, láìsí ẹni tó máa ta wá lólobó, nígbà tí Merino yọ bọ́ọ̀lù fún Saka. Courtois jáde. Ó gbé e fò ó. Jẹ́jẹ́ bí ìgbà tí èèyàn bá ń ju aṣọ sórí okùn.

Ọmọ tó pàdánù pẹnáritì ni. Aṣọ́lé kan náà ni. Mi ò lè sọ ohun tí mo ṣe. Wọ́n ní mo fa irun ọmọ tó jókòó sẹ́sẹ̀ mi.

A ò tíì jókòó padà dáadáa nígbà tí "ÌYÀWÓ MI" jáde gàdàgbà lójú tẹlifíṣọ̀n. Ìyàwó ọ̀gá ló ń pè é. Bọ́ọ̀lù kú. Gbogbo ilé pariwo, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ má gbé e o!" Ọ̀gá ń wá ọ̀nà tó máa gbà já dé ibi tí fóònù wà láàárín èrò. Nígbà tí àwòrán fi máa padà, 1-1 ló wà lókè. Vinícius ti gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ Saliba, ó ti gbá a wọlé, a ò sì rí i. Mo ti bi ọ̀gá léèrè lẹ́yìn náà pé kí ló dé tí kò lo fóònù tí nọ́ńbà rẹ̀ ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ó ní òun ò rò ó. Ẹni tó ti ń ṣe iṣẹ́ yìí látọdún gbọọrọ!

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ àwọn àbùkù tó kù. Ooru pọ̀. Fáànù méjì ló wà fún gbogbo èrò yẹn, ọ̀kan nínú wọn ń yí bí ẹni tó ń ronú bóyá kó máa lọ. Wọ́n ta àyè ju bẹ́ńṣì lọ. Ẹ̀pà àti gúgúrú dára, sobo tutù dáadáa, sùyà le. Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kan ṣoṣo ló wà fún tọkùnrin tobìnrin, kò ní ìkọ́ nínú, kò sì sí iná. Nígbà ìsinmi, mo ní láti bẹ ìyá onísobo kó bá mi dúró dí ẹnu ọ̀nà, fìtílà fóònù mi ni mo sì fi ríran. Obìnrin bíi mẹ́fà ni wá níbẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa la sì ń san iye owó tí ọkùnrin ń san. Ìyẹn ò dáa rárá.

Ẹ gbọ́ tibi tó dáa náà. Ọmọkùnrin kan tó ní ìwé tẹ́tẹ́ lọ́wọ́ bi mí pé ta ló mú mi wá, ṣé ọkọ mi mọ̀ pé mo wà níbí. Kí n tó la ẹnu, ọ̀gá ti dé ẹ̀yìn rẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Kanu gbá mẹ́ta lójú Àǹtí kí wọ́n tó bí ẹ. Bọ́ sẹ́yìn." Ojú kọ́ ni mo fi rí i, lẹ́nu ẹ̀gbọ́n mi ni mo ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n mi ò já ọ̀gá. Ó gbé àga oníke kan fún mi. Mo ní kó gbé e fún Tíṣà.

Martinelli parí ẹ̀ nígbà tí àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ti kọjá, 2-1. Òjò ṣì ń rọ̀. Èmi àti àwọn Madrid la jọ dúró sábẹ́ ìbòrí níta kó tó dá, ọmọ alátùn-únfóònùṣe ń sọ fún mi pé Ancelotti, kóòṣì wọn, ló fa gbogbo ẹ̀. Mo ń dá a lóhùn bí ẹni tó wá kí ẹni tọ́fọ̀ ṣẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 2025, ni mò ń kọ èyí. Lọ́túnla, a máa lọ bá Paris Saint-Germain nílé wọn, ọ̀tọ̀ sì ni ẹ̀rù ti èyí. Mẹ́ta la gbé lọ sí Madrid. Gbèsè la ń gbé lọ sí Paris. Dembélé gbá ọ̀kan wọlé ní London ní ìṣẹ́jú kẹrin, mi ò tíì ná ìdí mi sórí bẹ́ńṣì, a ò sì rí i san padà. Lọ́jọ́ Sátidé, Bournemouth na wá 2-1 nílé wa. Paris fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìlú tó dùn ún rántí fún wa: ibẹ̀ ni Barcelona ti gba ife yìí mọ́ wa lọ́wọ́ ní 2006, lẹ́yìn tí wọ́n lé Lehmann aṣọ́lé wa síta, tí Campbell sì ti gbá tiwa wọlé. A ò tíì gbà á rí títí di ọdún 2025 yìí. Tíṣà ò kì í dárúkọ Belletti tó gbá èyí tí wọ́n fi borí wa wọlé, "ọmọ yẹn" ló máa ń pè é.

Ìrètí tó wà ò ju mélòó kan lọ. Partey tí wọn ò jẹ́ kó gbá ti London nítorí káàdì ti padà. Ọ̀kan péré ni wọ́n fi jù wá lọ. Tí a bá fi ọ̀kan jù wọ́n lọ níbẹ̀, a di àfikún àkókò. Raya aṣọ́lé wa ò kì í ya ọ̀lẹ. Saka ṣì wà.

Mo ya ọ̀dọ̀ ọ̀gá lánàá. Ó fi fóònù mìíràn hàn mí, ó ní síìmù dátà nìkan ló wà nínú rẹ̀, ìyàwó òun pàápàá ò mọ nọ́ńbà rẹ̀. Ó ti kan ìkọ́ mọ́ ilẹ̀kùn ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo wọlé, mo dán an wò, ó ń há. Iná ṣì kù. Ó ní ₦700 ni lọ́jọ́ Wẹ́sìdeè. Mo ní ₦500 ni màá san. Ó ní, "Àǹtí, ẹ kọ́kọ́ wá ná." Tí ẹ bá ní kí n fún wọn ní máàkì, mẹ́ta nínú márùn-ún ni, tí iná ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bá tàn, ó di mẹ́ta ààbọ̀.

Ibi tí mo máa jókòó sí ni mi ò tíì mọ̀. Tíṣà ní òsì, kò tilẹ̀ gba àríyànjiyàn. Tí Paris bá gbá a wọlé, màá ti gbọ́ kí ojú mi tó rí i, ọkàn mi á ti sọ̀ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ Saka ńkọ́? Nínú góòlù méjì tí a gbá ní Madrid, mi ò bá rí èyíkéyìí gbádùn láìjẹ́ pé díìṣì kú, ariwo ọ̀tún ì bá ti jẹ ẹ́ mọ́ mi lẹ́nu. Mo ti ra téèpù tuntun. Mo ti sọ fún ìyá ìyàwó tó ní aṣọ ẹbí mẹ́rìnlá lọ́dọ̀ mi pé Ọjọ́bọ̀ ò ṣeé ṣe mọ́, kó wá lọ́jọ́ Ẹtì. Láàárọ̀ yìí, mo rán ọmọ iṣẹ́ mi lọ so àjákù ańkárá mọ́ bẹ́ńṣì kejì lápá òsì, mo ní kó so òmíràn mọ́ apá ọ̀tún.

Ọ̀gá ti ránṣẹ́ sí mi. Ó ní tí mo bá máa gba àyè méjì, owó méjì ni.